Táíwò Dà?

Ọjọ́ tí ìyá mi bá gun àga, tí wọ́n nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù, tí wọ́n sì mú àwo fíìmù kan tó ti họ káàkiri sọ̀kalẹ̀, ọjọ́ náà ni Kérésìmesì máa ń bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ìrẹsì lè má tíì délé. A lè má tíì ra adìẹ. Ọyẹ́ lè ti mú kí ètè gbogbo wa la. Bí a bá ti rí àwo yẹn báyìí, èmi á sáré lọ pe ìyá àgbà ní yàrá wọn, bàbá mi á sì jáde lọ wo epo inú jẹnẹrétọ̀, torí pé kò sí ẹni tó fọkàn tán iná ìjọba lálẹ́ Kérésì.

Home Alone ni orúkọ fíìmù náà. Apá kìíní àti apá kejì ló wà nínú àwo kan ṣoṣo yẹn. Ìyá mi rà á ní Dùgbẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì bí mi. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé àwo náà jù mí lọ, pé kí n máa dọ̀bálẹ̀ kí i láàárọ̀.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá mi ló máa ń jókòó tì wọ́n, tí á máa bá wọn sọ ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ ní Yorùbá. Àmọ́ ìyá mi kì í túmọ̀ bí olùkọ́ ṣe ń túmọ̀. Ohùn ni wọ́n máa ń yí. Ọmọkùnrin tó gbé pízà wá sílé àwọn Kevin, tó dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ń béèrè owó rẹ̀, tí kò sí ẹni tó dá a lóhùn, ìyá mi á sọ ọ́ di òṣómàáló: "Mi ò ní lọ o! Òṣó ni màá ló síbí títí ẹ ó fi sanwó mi!" Bàbá mi, tó jẹ́ ọmọ Iléṣà, á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ìyàwó àwọn tún ti ń fi ìlú àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Orúkọ Kevin ni kò yé ìyá àgbà. Létí tiwọn, Kẹ́hìndé ni. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo lè rántí, wọ́n wo ọmọ náà títí, wọ́n wá béèrè pé, "Kẹ́hìndé rèé, Táíwò dà?"

Ìyá mi kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Táíwò ti bá wọn wọ bàálù lọ, Màmá."

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí ti di ara fíìmù náà fún wa. Bí Kevin bá ti yọjú, gbogbo wa á dákẹ́, a ó máa retí ìyá àgbà. "Táíwò dà?" A ó sì pa ohùn pọ̀ dáhùn pé ó ti wọ bàálù lọ.

Fún ẹni tí kò bá tíì wò ó, ìtàn náà rèé ní ṣókí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Kevin. Ìdílé rẹ̀ ń gbé lẹ́bàá ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fẹ́ lọ ṣe Kérésì ní Paris. Iná lọ lóru, aago tó yẹ kó jí wọn kò dún, wọ́n sáré jáde, wọ́n sì gbàgbé Kevin sílé. (Níbi tí iná ti lọ yìí, ìyá àgbà á ní, "Àṣé wọ́n ń mú iná lọ ní ìlú òyìnbó náà!") Olè méjì, Harry àti Marv, wá fẹ́ fọ́ ilé náà. Ọmọdé yìí fi agolo ọ̀dà, áyọ́ọ̀nù, ìṣó àti yìnyín bá wọn jà títí ọwọ́ ọlọ́pàá fi tẹ̀ wọ́n.

Ibi tí àwọn olè ti ń ṣubú ni gbogbo ayé ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní tiwọn, ọ̀dọ̀ ìyá Kevin ni ọkàn wọn máa ń wà: obìnrin tó rántí ọmọ rẹ̀ lójú òfurufú, tó fẹ́ fi yẹtí àti owó ọwọ́ rẹ̀ pààrọ̀ ìjókòó nínú bàálù, tó wọ ọkọ̀ àwọn olórin tí kò mọ̀ rí nítorí kó lè délé. Bó bá ku díẹ̀ kí obìnrin náà ṣílẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ Kérésì, ìyá mi á tẹ rìmóòtù, fíìmù á dúró, wọ́n á dìde lọ sí kíṣìnnì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ wo ọbẹ̀. Bí wọ́n bá padà dé, ojú wọn á ti pọ́n. "Àlùbọ́sà ni," ni wọ́n máa ń wí. Ọbẹ̀ tó ti jinná láti ọ̀sán!

Ọdún 1990 ni apá kìíní yìí jáde. John Hughes ló kọ ọ́, Chris Columbus ló darí rẹ̀, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Macaulay Culkin ló sì ṣe Kevin. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é. Owó tó pa káàkiri àgbáyé lé ní mílíọ̀nù 470. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù sùn. Ní ọdún 1992, apá kejì dé. Kevin tún sọnù. Ìdílé rẹ̀ wọ bàálù Florida, òun wọ ti New York, ó wá ń fi káàdì ìsanwó bàbá rẹ̀ jayé orí ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Olè kan náà ni, ìyá kan náà ni, bíríkì ló kàn rọ́pò agolo ọ̀dà. Ní apá kìíní, bàbá arúgbó kan wà tí gbogbo ọmọ àdúgbò ń bẹ̀rù. Ní apá kejì, obìnrin kan tí ẹyẹlé ń bà lé lórí ló wà ní ipò rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn alámèyítọ́ ló ṣàròyé pé fíìmù kan náà ni wọ́n tún ṣe. Wọn ò parọ́. Síbẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 359 dọ́là ni àwọn òǹwòran fi dá wọn lóhùn. Ìyá àgbà náà dá wọn lóhùn láti orí àga wọn: "Kẹ́hìndé tún ti sọnù? Irú ìyá wo ló bí ọmọ yìí?" Wọ́n á sì tún jókòó wò ó bí ẹni tí kò wò ó rí.

Mo rò pé ẹni tó lọ wo apá kejì dà bí ẹni tó padà sọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ tó ti jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá. Kò wá oúnjẹ mìíràn lọ. Ó kàn fẹ́ kí ẹran tòní tóbi díẹ̀ ju tàná lọ.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìyá mi ṣaláìsí, nínú oṣù kẹsàn-án. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀ níhìn-ín. Àbúrò mi ọkùnrin kò ju ọmọ oṣù mẹ́rìnlá lọ nígbà náà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tàgétàgé ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo àwọn tó wá kí wa, torí kò mọ ohun tó dé.

Kérésì mẹ́ta kọjá, kò sí ẹni tó mẹ́nu ba fíìmù náà. A jẹ ìrẹsì, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a sùn. Àwo náà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé lọ́dọọdún ni mo máa ń gun àga lọ wò ó. Ní ọdún kẹta, nígbà tí kò sí ẹnìkan nílé, mo mú un sọ̀kalẹ̀, mo fi aṣọ nù ún, mo kì í bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Mo nù ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dá a padà síbi tí mo ti mú un, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọdún kẹrin, bàbá mi fẹ́ ìyàwó. Àǹtí ni wọ́n ní ká máa pè wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín kí àwàdà tó parí. Wọn kò fi ìgbà kan pe èmi àti àbúrò mi lórúkọ. Wọ́n ní àwọn bá wa nílé ni, a ti wà nílé kí àwọn tó dé. Nítorí pé ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ mi, wọ́n sọ mí ní Akọ́wé. Àbúrò mi di Ọkọ Mi Kékeré. Inú ìyá àgbà dùn sí èyí, wọ́n ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Inú tèmi kò dùn sí nǹkan kan. Bí wọ́n bá se ẹ̀fọ́, màá ní iyọ̀ pọ̀ jù. Bí wọ́n bá dín in kù, màá ní kò ní iyọ̀.

Ní alẹ́ Kérésì ọdún yẹn, Àǹtí mú àwo fíìmù tuntun kan jáde látinú báàgì wọn. Bàbá mi ti sọ fún wọn pé ìdílé wa fẹ́ràn Home Alone. Àwòrán Kevin wà lára páálí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bàbá mi tan jẹnẹrétọ̀. Ìyá àgbà gbé àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣàn. Mi ò fẹ́ jókòó, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbé mi kúrò níbẹ̀.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. A rí pápákọ̀ òfurufú, pẹ̀lú àwọn ọ̀daràn mẹ́rin tó gbé nǹkan olówó iyebíye pa mọ́ sínú ọkọ̀ ìṣeré. Kò sí Harry. Kò sí Marv. Nígbà tí ọmọdé kan wá yọjú, ojú rẹ̀ kì í ṣe ojú Kevin.

"Kẹ́hìndé dà?" ni ìyá àgbà béèrè.

Kò sí ẹni tó dáhùn. Àǹtí mú páálí náà, wọ́n ń wo iwájú rẹ̀, wọ́n ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tó ta àwo náà ti fi àwòrán apá kìíní bo apá kẹta. Ọmọ yìí ń jẹ́ Alex. Àìsàn tó sú sí i lára ló dá a dúró sílé, ìyá rẹ̀ sì ní láti lọ síbi iṣẹ́.

"Kì í ṣe òun nìyí," ni mo wí. "Wọ́n kàn fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀ ni, wọ́n rò pé a ò ní mọ̀."

"Akọ́wé, jẹ́ ká wò ó ná," ni Àǹtí wí. "Ó lè dùn."

"Ẹ̀yin gan-an kì í ṣe òun."

Mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà mì padà bó ṣe ń jáde, àmọ́ ẹyin lohùn. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ìyá àgbà pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní kíkún, bí wọ́n ṣe máa ń pè é tí nǹkan bá burú. Àǹtí dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ fọ abọ́. Àbúrò mi nìkan ni kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Olè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú nínú fíìmù, ó sì ń pàtẹ́wọ́. "Ẹ má pa á o! Ẹ má pa á!"

Mo wọ yàrá lọ, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo rò pé ó yẹ kí òun náà bínú.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba fóònù bàbá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa apá kẹta. Mo fẹ́ kí gbogbo ayé gbè mí. Wọ́n sì gbè mí dáadáa. Ọdún 1997 ló jáde, owó tó pa kò tó mílíọ̀nù 80 dọ́là, bẹ́ẹ̀ ẹ rántí iye tí apá kìíní pa. Culkin ti pé ọmọ ọdún 17 nígbà náà, kò sì lè ṣe ọmọdé mọ́. Yorùbá ní bí a kò bá rí àdàn, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Lójú àwọn òǹwòran, òòbẹ̀ ni Alex.

Bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo rí i pé fíìmù náà kò tilẹ̀ dúró ní mẹ́ta. Apá kẹrin wà, tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣàn ní 2002. Ìkarùn-ún jáde ní 2012, ìkẹfà ní 2021 pẹ̀lú ọmọ tuntun tó ń jẹ́ Max. Nínú ìkẹfà yìí, wọ́n mú ẹ̀gbọ́n Kevin padà wá, ó ti di ọlọ́pàá, bóyá kí àwa tí a mọ apá kìíní lè rí ojú tí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ kò tìtorí ìyẹn yìn ín.

Apá kẹrin ni mo dúró lé lórí. Nínú rẹ̀, bàbá àti ìyá Kevin ti pínyà. Bàbá rẹ̀ ti ń gbé pẹ̀lú obìnrin mìíràn nínú ilé ńlá kan, Kevin sì lọ ṣe Kérésì lọ́dọ̀ wọn. Kí fíìmù tó parí, bàbá padà sọ́dọ̀ ìyá, obìnrin tuntun náà sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìyá Kevin wà láàyè.

Mo gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí mo tún mú un, ohun kan tí mi ò wá ni mo rí. Alámèyítọ́ kan wà ní Chicago, Roger Ebert, ọ̀kan nínú àwọn tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn apá kìíní àti apá kejì. Apá kẹta, tí gbogbo ayé ń bú, ló ní ó dùn ju méjèèjì lọ. Mo rí i pẹ̀lú pé John Hughes tó kọ méjì àkọ́kọ́ ló kọ ẹ̀kẹta. Raja Gosnell tó darí ẹ̀kẹta ló ṣe àtúntò àwòrán méjì àkọ́kọ́. Àwọn tó ṣe é kì í ṣe àjèjì tó wá jí ilé onílé gbé. Inú ilé ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí òǹwòran ṣe ń gba fíìmù. Nílẹ̀ wa níbí, àsìkò Kérésì ni ọ̀pọ̀ fíìmù ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde, torí pé ìgbà náà ni bàbá, ìyá àti ọmọ jọ máa ń lọ sílé sinimá. Nígbà tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé Omo Ghetto: The Saga jáde ní Kérésì ọdún 2020, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn Omo Ghetto àkọ́kọ́, èrò rọ́ lọ wò ó, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 600 náírà. Ìbejì tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, Fúnkẹ́ fúnra rẹ̀ ló ṣe àwọn méjèèjì. Ẹ ò rí i pé ìyá àgbà ì bá rí Táíwò níbẹ̀! Àmọ́ nígbà tí apá kejì Chief Daddy jáde ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022, ojú tí àwọn ènìyàn mọ̀ láti apá kìíní pọ̀ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ńṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wọn figbe bọnu lórí ayélujára pé ìtàn náà kò dùn. Ojú tí a mọ̀ nìkan kò tó, nígbà náà.

Kí ló wá fà á tí àbúrò mi fi pàtẹ́wọ́ fún Alex? Ó fà á pé kò rí Kevin rí. Ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ló ń sọ pé kò sí oko bàbá ẹni tó tó ti bàbá òun. Èmi ni ọmọ yẹn. Apá kìíní ni oko bàbá mi. Apá kẹta ni ẹnu ọ̀nà tí àbúrò mi gbà wọlé, kò sì sí ohun tó sọnù fún un nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé wa. Ìyá tí mo ń wá lójú Àǹtí, òun kò ní ìrántí kankan nípa wọn. Ọwọ́ Àǹtí ló mọ̀ tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń bọ́ ọ. Mo ti ń bínú sí i pé kò bínú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá Àǹtí níbi tí wọ́n ti ń gé ewúro lẹ́yìnkùlé, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má da iyẹ̀pẹ̀ sára. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Akọ́wé, ṣé ìyá ọmọ yẹn padà dé?"

Mi ò mọ ọmọ tí wọ́n ń sọ.

"Kẹ́hìndé yín yẹn. Ti àkọ́kọ́."

Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú fèrèsé ilé ẹlòmíràn ni àwọn ti máa ń wo fíìmù yẹn, àwọn àti àwọn ọmọ àdúgbò. Bí ó bá ti di àárín, onílé á ní kí wọ́n lọ sùn, á sì ti fèrèsé. Lọ́dún mélòó kan ni wọ́n fi wò ó bẹ́ẹ̀, wọn kò rí ìparí rẹ̀ rí. "Nígbà tí bàbá yín sọ ọ́, mo ní ẹ wò ó, èmi náà á rí ibi tó parí sí. Àṣé òmíràn ni wọ́n tà fún mi."

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ìyá rẹ̀ dé. Mo tún rò ó, mo ní, "Ẹ jẹ́ kó di Kérésì tó ń bọ̀."

Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń bi mí, mi ò sọ. Mo tọ́jú owó tí mo ń rí gbà, mo sì ra àwo apá kìíní. Kí n tó sanwó, mo ní kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ kí n rí ojú Kevin.

Nígbà tí Kérésì dé, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ní àfi ká kọ́kọ́ wo tòun, ti Alex. Èmi ní apá kìíní ló ń ṣíwájú. Ìyá àgbà ló parí ìjà. Wọ́n bi àbúrò mi pé ta ni Alex. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ọ̀daràn mẹ́rin, ọkọ̀ ìṣeré, àti ìyá arúgbó aládùúgbò tó máa ń kanra, tí Alex wá gbà sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀daràn dè é. Ìyá àgbà mi orí.

"Táíwò nìyẹn," ni wọ́n wí. "Òun la ti ń wá láti ọjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé. Ṣebí Táíwò ló máa ń ṣíwájú dé, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n."

Ẹnu mi wọhò. Apá kẹta la kọ́kọ́ wò, mo sì jẹ́wọ́ pé mo rẹ́rìn-ín, pàápàá níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti dé tí wọn kò bá olè kankan, tí gbogbo ènìyàn wá rò pé ọmọ náà ń parọ́ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ la fi apá kìíní sí i. Àǹtí wò mí, wọ́n ní, "Akọ́wé, bá Màmá túmọ̀ rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ọ̀fun mi gbẹ. Mi ò ṣe é rí. Nígbà tí ọmọ tó gbé pízà wá yọ sí ẹnu ọ̀nà, mo ṣáà yí ohùn mi padà: "Òṣó ni màá ló síbí!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ awò ojú wọn, tí wọ́n ń nù ún.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìyá Kevin ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ mi ti wà lórí rìmóòtù. Mo tẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ ìdí tí mo fi tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó dé?" ni Àǹtí béèrè. Wọ́n ti sún dé etí àga. "Akọ́wé, ṣé ìyá rẹ̀ dé?"

Mi ò lè dáhùn. Bàbá mi gba rìmóòtù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Àlùbọ́sà ni," wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà wọlé. Àǹtí pàtẹ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ṣe máa ń pa á. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ti ń dúró lójú fèrèsé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mi ò sọ pé apá kẹta dára ju apá kìíní lọ. Mi ò gba ti Roger Ebert lórí ìyẹn. Apá kìíní ni mo fẹ́ràn, ìyá mi ló sì mú kí n fẹ́ràn rẹ̀, kò sí fíìmù tó lè gba ipò yẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé òòbẹ̀ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ni àdàn. Àwa tó ń wò ó la ń bi í léèrè ohun tí kò gbé wá. Alex kò sọ pé òun ni Kevin. Àǹtí náà kò sọ pé àwọn ni ìyá mi. Orúkọ tí wọ́n sọ mí pàápàá, tiwọn ni, kò sí ẹni tó fi pè mí rí kí wọ́n tó dé.

Àwo àtijọ́ yẹn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo máa ń kí i. Àbúrò mi ti gbọ́ pé apá kẹrin wà, ó sì ti ń yọ mí lẹ́nu pé òun ni a ó wò ní ọdún yìí. Mo ti sọ fún un pé kó ní sùúrù, pé ìdílé tó ní ìbejì ti ní iṣẹ́ tó tó o ṣe.